Iná Orí Ìbọn Bọ̀dá

"Ṣé ìbọn náà ní irin tí wọ́n ń de iná mọ́?" Ọlọ́jà gbé iná tọ́ọ̀ṣì méjì sórí káńtà.

Sẹkúríti náà, tó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ Grange Castle, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ nílùú òyìnbó, sọ́rùn, fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú wọn lọ́wọ́ ajínigbé ni Bọ̀dá, ṣakabùlà tí kò ní irú irin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èsì dé wàràwàrà: "Ó ní. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù ni kí o mú."

Inú rẹ̀ dùn. Bọ̀dá ti rí ìbọn gidi gbà nìyẹn.

"Èyí ló mọ́lẹ̀ jù," ni ọlọ́jà wí. "Wákàtí méjì ló fi ń gba chájì. Ẹni tí wọ́n bá tàn án sí lójú ò ní rí nǹkan kan mọ́."

"Òun ni mo fẹ́." Ó sanwó. Ọmọ ìlú wọn kan tó ń gbé ní Tyrrelstown nítòsí, tó ń lọ sílé lọ́la, ni yóò bá a gbé e.

"Grand, ó ti dára," ni ọlọ́jà wí, ó na báàgì sí i.

Fóònù dún. Ìyàwó Bọ̀dá ni. Láti ogún ọdún tó ti wọlé wọn, Eyínafẹ́ ló ń pè é, kò fẹnu kan orúkọ rẹ̀ rí.

"Túnbọ̀sún, ṣé o ti rà á?"

Ó di káńtà mú. "Ìyàwó wa, Bọ̀dá ńkọ́?"

Nínú fóònù, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò jọ ti Bọ̀dá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn obìnrin náà.

"Wọ́n ní kí o ra mẹ́rin sí i."