Àwọn Tó Wá Sọ̀rọ̀ Ìyá Oníbọ́tìnnì

Àga tí wọ́n fún ìyá àgbà wà lẹ́yìn káńtà, òun nìkan ló sì wà níbẹ̀. Àwọn tó kù jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú, wọ́n kọjú sí i. Kò bá a lára mu. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bọ́ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn, nítorí ẹ̀yìn káńtà kì í ṣe àyè àlejò.

"Ẹ jókòó, Màámi," ni obìnrin tó mú un wá sọ. "Àga yẹn ló gba ẹ̀yìn yín jù."

Sọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Bọ́tìnnì kún inú àwọn ìgò tó wà lórí pẹpẹ, wọ́n tò wọ́n láti orí funfun dé orí dúdú. Òwú wà nísàlẹ̀ wọn, síìpù sì rọ̀ sára ògiri. Ọ̀rọ̀ ìyá tó ni sọ́ọ̀bù yìí ni wọ́n wá sọ. Ìyá Oníbọ́tìnnì ni gbogbo ìlú ń pè é. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sọ oore kan tó ṣe fún un, ìyá àgbà ló sì máa kẹ́yìn.

Ìyẹn ló ń dààmú rẹ̀. Ó wá inú ọkàn rẹ̀ títí, kò rí ibi tí òun ti pàdé Ìyá Oníbọ́tìnnì.

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Oníbọ́tìnnì máa ń ti sọ́ọ̀bù, á gba ilé ìwòsàn lọ, á jókòó ti àwọn aláìsàn tí ẹnikẹ́ni kì í wá wò, á máa tún aṣọ wọn rán.

"Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kán, ó tún gbogbo ṣòkòtò mi ṣe," ó ní. "Ó wá bi mí pé, báwo ni èèyàn ṣe máa ní abẹ́ ìfárí mẹ́fà, tí kò ní ṣòkòtò méjì tó ṣeé wọ̀ jáde?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín, ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbìyànjú láti rántí aláìsàn kan tí òun lọ wò rí. Kò rí ẹyọ kan.

Tíṣà sọ tirẹ̀. Ó ní bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Ìyá Oníbọ́tìnnì á gbé àpótí sí ẹnu géètì iléèwé láàárọ̀, ọmọ tí bọ́tìnnì rẹ̀ bá já kò ní kọjá àfi tó bá bá a rán an. "Ó ní ọmọ tí àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ á máa gba atẹ́gùn."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ìyá àgbà rí i pé òwú dúdú ni wọ́n fi rán bọ́tìnnì kẹta lára ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà, funfun ni ti àwọn yòókù. Ó fẹ́ sọ ọ́, ó gbé e mì. Ẹni tí kò rí oore kankan sọ, ó dàbí ẹni pé kò yẹ kó máa ka àléébù sí aṣọ ẹlòmíràn lára.

Ó kan télọ̀, obìnrin kan tó sanra tó sì máa ń pariwo. "Maṣíìnì mi bàjẹ́ fún odindi oṣù kan. Ìyá yìí gbé tirẹ̀ rù, ó gbé e wá fún mi. Mo ní, 'Ẹ̀yin ńkọ́, Mà?' Ó ní òun ṣì ní ọwọ́ méjì."

Ó ku ìyá àgbà. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Àwọn ọmọ tó lè bí ló yí i ká, gbogbo wọn ló ní nǹkan dáadáa tí wọ́n ń rántí. Òun tó jókòó sí àga tó dára jù kò ní nǹkan kan.

"Màámi, bí kò bá sí, kò sí wàhálà," ni obìnrin tó mú un wá sọ.

"Ó wà," ó yára dáhùn. "Ọjọ́ ìgbéyàwó mi ni. Bọ́tìnnì mẹ́rin já lẹ́yìn aṣọ mi, mọ́tò sì ti ń dúró níta. Ìyá Oníbọ́tìnnì ti ilẹ̀kùn, ó fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu. Ó ní, 'Má mí o. Bí o bá mí, màá rán awọ rẹ mọ́ aṣọ.'"

Onígbàjámọ̀ fọwọ́ lu itan. "Ta ló rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀, Màámi? Ẹ fi hàn wá ká lè máa sá fún un."

"Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló rán an. Ó ń sunkún pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò bára mu mọ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Télọ̀ dìde, ó fi gèlè bo ẹnu, ó jáde.

"Ẹ dákun, ẹ má bínú," ni ìyá àgbà sọ. "Irọ́ ni mo pa. N kò mọ ìyá yẹn rí. Gbogbo yín lẹ rí nǹkan sọ, ojú ló tì mí. Mo sì ti ba télọ̀ yẹn nínú jẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Tíṣà na ọwọ́ kọjá orí káńtà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Onígbàjámọ̀ ń wo ilẹ̀. Obìnrin tó mú un wá gbé e dìde jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n kọjá lára télọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá àgbà kò lè gbójú sókè.

Nígbà tí wọ́n délé, obìnrin náà ṣí ìwé tí dókítà ní kó máa kọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọ̀sẹ̀ kọkànlá rèé tí àwọn oníbàárà Màámi ti ń wá sọ ìgbésí ayé rẹ̀ fún un nínú sọ́ọ̀bù rẹ̀, òní ló kọ́kọ́ rántí nǹkan kan fúnra rẹ̀, aṣọ ìgbéyàwó télọ̀ tí Màámi bá a tún rán, èyí tí télọ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, ojú sì tì í, ó ní irọ́ ni òun pa."