Ìdáhùn Fẹ́híntọlá Lẹ́nu Géètì

Látàárọ̀ tí Fẹ́híntọlá ti ń fọ́ kaṣú nílé iṣẹ́ ló ti ń fi èsì kan kọ́ ẹnu ara rẹ̀: "Wàhálà wà. Mo fi wákàtí mẹ́ta ṣiṣẹ́ kọjá àkókò lọ́sẹ̀ yìí." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún géètì ilé iṣẹ́, tó máa ń bi òṣìṣẹ́ léèrè kó tó ṣí fún un, òfin ní kí wọ́n sanwó rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò sí wàhálà, ó ti fi owó náà ta ilé iṣẹ́ lọ́rẹ nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, ó mú ọkàn le, ó dúró níwájú géètì.

"Àjíkẹ́ mi, o kú iṣẹ́ o. Ṣé kò sí wàhálà?"

Ohùn ìyá rẹ̀, tó kú sẹ́nu iṣẹ́ yìí lọ́dún tó kọjá, ni géètì fi sọ̀rọ̀. Orúnkún Fẹ́híntọlá ti kanlẹ̀ kó tó mọ̀.

"Kò sí o, Màámi. A dúpẹ́."

Géètì ṣí.

"O ṣeun, ọmọ mi. Wákàtí mẹ́ta náà ti di ti ilé iṣẹ́."