Sẹ́ńsọ̀ Tó Ń Gbé Láàárín Mínírà

Àṣìṣe kẹ̀? Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tó ṣìnà ló ṣàṣìṣe. Ẹni tó rí ọ̀nà, tó ní ó ti jìn jù, ọ̀lẹ nìyẹn. Ọ̀lẹ tó tún ń purọ́ sì ni ọkùnrin tí mò ń sọ yìí. Ó-ti-parí là ń pè é, torí ẹ ò tíì sọ iṣẹ́ tán tó ti máa ní, “Ó ti parí.”

Ẹnjiníà ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló fi iṣẹ́ aṣọ rírán rán an nílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n yìí ní ìtọ̀ ṣúgà. Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ló gbé e ró.

Ilé ìkóògùnsí tí abẹ́rẹ́ náà ti ń wá gbé iṣẹ́ fún Ó-ti-parí. Yàrá òtútù mẹ́rin ni wọ́n ní. Sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn òtútù, máa wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ńsọ̀ ò lè dá bá íńtánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Àpótí alárinà kan, gétíwéè, ló ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, tó ń gbé e lọ síbi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní kíláòdù. Bí yàrá kan bá gbóná, fóònù apòògùn àgbà máa pariwo níbi yòówù tó bá wà.

Ó-ti-parí gbé àpótí sí ọ́fíìsì. Yàrá mẹ́ta dáhùn. Yàrá ẹ̀yìn, tí ògiri rẹ̀ nípọn, ò dáhùn. Wọ́n sì ti ra àpótí kejì sílẹ̀ torí irú èyí: kó gun àkàbà, kó lu ògiri, kó gbé e kọ́, tán. Ó-ti-parí wo àkàbà, àkàbà wò ó. Ló bá mú sẹ́ńsọ̀ yàrá ẹ̀yìn, ó tì í sínú fíríìjì ọ́fíìsì, láàárín mínírà àwọn akọ̀wé. Kíá, àmì yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di àwọ̀ ewé lórí fóònù, pé kò séwu.

Apòògùn bi í, “Ẹnjiníà, yàrá ẹ̀yìn ńkọ́?”

“Ẹ wo fóònù yín, mà. Ó ti parí.”

“Mi ò mà rí i kó o gun àkàbà o.”

“Ọgbọ́n la fi ń gun òkè, mà, kì í ṣe ẹsẹ̀.”

Apòògùn rẹ́rìn-ín. Ìbá má rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilé ìṣẹ́ wà ní ìsinmi, iná apá ẹ̀yìn lọ. Yàrá ẹ̀yìn, tí wọ́n kó ínsúlínì, oògùn abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, sí, gbóná bí ààrò. Fóònù ò pariwo. Kí ló máa pariwo sí? Mínírà ṣáà tutù! Kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, iná ti dé, yàrá ti tutù, wọ́n sì pín oògùn tó ti bàjẹ́ fún aláìsàn.

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ẹ̀gbọ́n gún abẹ́rẹ́ láàárọ̀, ó gún un lálẹ́. Kò yàtọ̀ sí omi. Ṣúgà gòkè, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kẹ̀, wọ́n gé ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Bàbá àgbàlagbà kan tóun náà ń gba abẹ́rẹ́ níbẹ̀ kú.

Apòògùn tú gbogbo yàrá wò. Inú fíríìjì ló ti bá sẹ́ńsọ̀, ó tutù minimini.

“Mo fẹ́ padà wá ṣe é ni, mà.”

“Ìgbà wo?”

Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, adájọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: alárinà ò ní ojú tirẹ̀, ohun tá a bá sọ fún un ló ń sọ. Ẹni tó bá purọ́ fún ẹ̀rọ, èèyàn ló purọ́ fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbé iṣẹ́ fúnni, ẹ fi ojú ara yín wò ó kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹbí ní àwọn máa lọ bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n tú u sílẹ̀, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ lórí àga oníkẹ̀kẹ́, ó ní, “Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n tó bá padà sí yàrá yẹn, ọmọ ta ni nínú yín ló máa kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́?”