Apànìyàn Oníkóòtù Dúdú

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kúrò níwájú tẹlifíṣàn," Mùfúlíátù wí fún ọkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀.

Alápatà ni ọkọ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò ẹran dé sílé wọn ní Kubwa, l'Ábújá, ni. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, apànìyàn inú fíìmù tó ń lọ lórí tẹlifíṣàn yìí ló gba ìyàwó rẹ̀ lọ́kàn tán: ọkùnrin arẹwà oníkóòtù dúdú tó ń fi pípa ènìyàn jẹun, tí iṣẹ́ náà sì ti sú u. Alápatà wo aṣọ ara tirẹ̀ tó ń rùn fún ẹ̀jẹ̀ màlúù. Ó ń jowú apànìyàn náà.

"Kí ló ní tí mi ò ní? Ṣé kí n lọ dá kóòtù dúdú tèmi náà ni?"

"Bàbá Gafar, ta ló ń wo kóòtù? Ẹ wò ó, ó tibi iṣẹ́ dé, ó jókòó sínú mọ́tò, kò lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ṣe máa ń jókòó sórí ọ̀kadà lẹ́yìn géètì. Mo ń wò ó bóyá ó máa sọ ohun tẹ́ ẹ kì í sọ fún mi."

Alápatà pa tẹlifíṣàn, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀.

"Màlúù tí mo pa láàárọ̀ yìí," ó ní, "oyún wà nínú ẹ̀."