Ọkùnrin Tó Ń Bo Fèrèsé

Nígbà tí ọkùnrin náà fi bébà dídán bo fèrèsé kẹta, inú ọkọ̀-ilé náà ṣókùnkùn, Lavonne kò sì rí ọ̀nà tó ti ìlú Quartzsite wá mọ́. Ọ̀nà yẹn ló ti ń wò látàárọ̀. Orrin ọkọ rẹ̀ ló gba ibẹ̀ lọ ra omi dídì, òun ló sì ń retí.

"Kí lo ń bo ìyẹn náà fún?"

"Oòrùn ni." Ọkùnrin náà kò bojú wẹ̀yìn. "Tá a bá jẹ́ kó wọlé, á sè wá bí ẹyin."

Arúgbó ni. Irun rẹ̀ funfun, ó sì ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Lavonne kò mọ ìgbà tó wọlé. Ó kàn rí i ni, tó ń ṣí àpótí ara ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ti yẹ ibẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Ó mọ ibi tí àlùmọ́gàjí wà. Ó mọ orúkọ Lavonne.

Ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru ti dé méjìdínlọ́gọ́fà lórí ìwọ̀n Fahrenheit. Láti oṣù karùn-ún ni àwọn èèyàn ti wa ọkọ̀-ilé wọn gba ìhà àríwá lọ. Mẹ́ta péré ló kù nínú ọgbà tí wọ́n ń gbé ọkọ̀-ilé sí náà. Bí èèyàn bá kígbe, ta ni yóò gbọ́?

Ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Má jáde o, Lavonne. Ilẹ̀ yẹn á bó ẹ lẹ́sẹ̀."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló kó jìnnìjìnnì bá a.

Ó ki táwẹ́lì bọ omi, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó sì wá fi í yí Lavonne lọ́rùn. Lavonne kò mí títí ìka ọkùnrin náà fi kúrò ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

"Ó tutù, àbí?"

Lavonne mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. A kì í bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn.

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa àpò omi dídì méjì jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù fọ́ ọ síwájú fáànù. Ìgbà yẹn ni Lavonne rí fìlà orí rẹ̀ dáadáa. Fìlà Orrin ni.

"Níbo lo ti rí fìlà yẹn?"

Òòlù náà dúró lókè.

"Wọ́n fún mi ni."

"Ta ló fún ẹ?"

Ó wo Lavonne lójú. "Ẹnì kan tó fẹ́ràn mi," ló wí, ó sì ń fọ́ omi dídì rẹ̀ lọ.

Lavonne rí Orrin lọ́kàn rẹ̀, tó dojú bolẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà nínú oòrùn, láìdé fìlà. Kò sunkún. Ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan.

Nígbà tó kọjá aago méjì ọ̀sán, ẹ̀rọ amúlétutù mí kanlẹ̀, ó sì kú. Ọkùnrin náà gbé aṣọ funfun fífẹ̀ kan àti korobá omi.

"Mò ń gun òrùlé lọ, kí n lọ fi omi tù ú. Má kúrò níbẹ̀."

Ó jáde, ó sì gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Lavonne ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè orí rẹ̀, èyí tó wúwo, èyí tó fúyẹ́, àti omi tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà dé ìpẹ̀kun, Lavonne ṣí ilẹ̀kùn.

Kò wọ bàtà. Yanrìn náà gbóná bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, síbẹ̀ ó sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀-ilé tó wà nítòsí. Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ń ké orúkọ rẹ̀ lórí òrùlé, ó sì gbọ́ ìró àkàbà.

Marlys, obìnrin tó ń bójú tó ọgbà náà, ti ṣílẹ̀kùn kó tó kàn án.

"Ẹ wọlé, Màmá. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín." Ó fà á wọlé, ó sì ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ omi.

"Ti ilẹ̀kùn. Ó ti pa Orrin. Fìlà rẹ̀ ló dé. Ó ti bo gbogbo fèrèsé kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi."

Marlys ń bu omi sí i lẹ́sẹ̀. "Ṣé ó nà yín?"

"Kò tíì nà mí."

Ẹsẹ̀ kan ń wọ́ bọ̀ níta. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Lavonne di ọwọ́ Marlys mú ṣinṣin.

"Má ṣí i. Mo bẹ̀ ẹ́, ọmọ mi."

Marlys rọra tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dìde, ó sì ṣílẹ̀kùn fún arúgbó tó ń mí hẹlẹhẹlẹ níbẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá," ó wí fún un, "ìyàwó yín wà lọ́dọ̀ mi, kò kàn tíì dá yín mọ̀ lónìí ni."