Aṣọ Tí Lẹ́tà Tèslìmù Wọ̀

Gbogbo àdúgbò Tafo ló mọ̀ pé Tèslìmù gbọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé, òun fúnra rẹ̀ a tètè rán an létí. Ní ọjà Kejetia tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kò sí ẹni tó ń ka ímeèlì bíi tirẹ̀: ojú ẹ̀rọ dúdú bí ìdí ìkòkò, ọ̀rọ̀ funfun lásán, kò sí àwòrán, kò sí àwọ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀, kó lọ ra àǹkárá.

Àmọ́ àwọn tó ń kọ̀wé sí fẹ́ àwọ̀. Nítorí náà, ẹ̀dà méjì lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń kó sínú àpòòwé kan ṣoṣo: ọ̀kan wà ní ìhòòhò, ọ̀kan wọ aṣọ. Fóònù ẹni tó gbà á ni yóò yan èyí tó máa fi hàn. Ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń rán aṣọ náà. Hàbíbà ọmọ rẹ̀ ló kọ ètò ọ̀hún, nítorí Tèslìmù ní iṣẹ́ ọ̀ṣọ́, iṣẹ́ obìnrin ni.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun alásàrí, ó jókòó láti kọ̀wé sí Alájí Suleman ní Ìlọrin, tó ń wá ìyàwó fún ọmọ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ fún un pé òun ti gbà, kí wọ́n máa bọ̀ wá tọrọ Hàbíbà. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Bantama ti gba Hàbíbà wọlé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ní ọkọ ló kàn, ọjọ́ mẹ́ta ló fi sunkún. Lọ́jọ́ kẹrin, ó nu ojú. Inú Tèslìmù dùn pé ọgbọ́n ti wọ̀ ọ́ lórí.

Hàjàrá, ìyá Tèslìmù, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin A àti àkàbà, ń pa ẹ̀pà lórí ẹní.

“Tèslìmù, ọkọ mi, aṣọ tí lẹ́tà yẹn wọ̀, ṣé ìwọ ń rí i níbẹ̀?”

“Rárá, Ìyá. Ẹ̀rọ tèmi kì í wo ọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ní ìhòòhò ni mò ń rí.”

“Ẹ wo ọlọ́gbọ́n! Fóònù Alájí ńkọ́?”

“Tuntun ni. Èyí tó wọ aṣọ ni yóò fi hàn án.”

“Kò wá ní í rí ti ìhòòhò rárá?”

“Kò ní í rí i. Ìyá, ẹ̀yin àti ìbéèrè!”

“Mo kàn ń kọ́ ẹ̀kọ́ ni, bàbá mi. Ta ló bí irú ẹ bí kì í ṣe èmi?” Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi fẹ́ há a lọ́fun.

Tèslìmù tẹ̀ ẹ́ pé: A ti fún yín. Ẹ máa bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ó wá pe ọmọ rẹ̀.

“Ṣé aṣọ rẹ ti wà ní sẹpẹ́?”

“Yoo, Bàbá. Mo tún un rán lánàá. Ìyá àgbà ló bá mi yan àwọ̀.”

“Àwọ̀ wo?”

“Àwọ̀ ewé,” ni Hàjàrá dáhùn. “Ó tutù, ó sì bá ọ̀rọ̀ mu.”

Tèslìmù fi àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ó sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́, ó ti kun iwájú ilé, ó ti sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí pé àwọn àna ń bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èsì dé sójú ẹ̀rọ dúdú náà, láìsí àwọ̀, láìsí ọ̀ṣọ́: “Tèslìmù, lẹ́tà yín aláwọ̀ ewé ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, a dúpẹ́ pé ẹ tètè sọ fún wa pé ẹ ò ní í fi Hàbíbà fún ọkọ kankan títí yóò fi parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, a ti yà síbòmíràn, kí ẹ sì bá wa sọ fún Ìyá Hàjàrá pé gbogbo wa ló ṣe àmín sí àdúrà gígùn tí wọ́n fi parí rẹ̀.”