Ọwọ́ Eulalia

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn ojú ìlara kan, lábúlé wa ní Honduras.

Ara ọmọ Nereida ń gbóná, gìrì sì ti mú un.

"Ojú Eulalia ni!" ìyá ọkọ Nereida ń pariwo. "Bí ológbò ṣe ń wo ẹja ló ń wo ọmọ yìí!"

Irọ́ kọ́. Owú dà bí èéfín, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tójú ẹ̀ mú ọmọ ní láti fọwọ́ kàn án kó tó yá.

Wọ́n fa Eulalia, aládùúgbò wọn, wá. "Fọwọ́ kàn án, olójú burúkú!"

Ó gbé e. Ọmọ tọ̀ sí i lára, ọmọ náà sì ké bí ẹni tíná jó.

"Ìtọ̀ ló ń dùn ún! Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn!" Eulalia pariwo.

Dókítà yẹ ìtọ̀ wò: àrùn tó wà nínú ìtọ̀ náà ló fa ibà, ibà ló fa gìrì. Ọmọ yè.

Nereida lọ dúpẹ́. "Àǹtí, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Bí ọmọ tèmi náà ṣe ké nìyẹn. A ní ojú ìwọ ló mú un. À ń retí kó o ti oko kọfí dé, kó o wá fọwọ́ kàn án. Ó kú kó o tó dé."

Nereida ló fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi.